Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Dẹ́rẹ́bà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá Bámgbóṣé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé, fi jiyàn lórí ọ̀nà oko kan ní Ìlobì. Bàbá ní iwájú ọgbà obì àwọn Kọ́mọláfẹ́ ni ọ̀nà náà gbà. Ọ̀jẹ̀túndé ní ẹ̀yìn ni. Wọ́n ti kọ́lé sórí ọ̀nà ọ̀hún tipẹ́, kò sẹ́ni tó tún ń wá a, àfi àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni Bàbá ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọ́fíìsì wọn fẹ́ da kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀ nù, ó gbé e wálé. Màmá Yéjídé, ìyàwó rẹ̀, wá ń gbé tẹlifíṣàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí Ọ̀jẹ̀túndé ti fi Bàbá ṣẹ̀sín níbi ìsọmọlórúkọ, Bàbá sọ tẹlifíṣàn kalẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà náà sórí ọ̀kadà, ó di Ìlaròó, ní ṣọ́ọ̀bù Azeezat tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ọmọ mi, àwòrán ilẹ̀ Ìlobì wà nínú ẹ̀rọ yìí. Bá mi ṣí i, kí n fi pa Ọ̀jẹ̀túndé lẹ́nu mọ́."

Azeezat tan án. Ètò tó máa ń gbé ẹ̀rọ náà dìde ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìró dísìkì, ibi tí àwòrán náà wà, tó ń yí. Ó ní kò le: òun á fi síídì gbé Linux, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, sí i, torí ọ̀fẹ́ ni Linux, òun á sì fi ka dísìkì náà. Linux dìde wẹ́rẹ́, àmọ́ ó ní òun ò rí dísìkì kankan. Azeezat pààrọ̀ wáyà. Kò rí i. Ó yọ káàdì inú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà. Kò rí i síbẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà ni kò sí, Bàbá."

"Ẹ̀rọ tí kò ní táyà! Kí ló fẹ́ fi dẹ́rẹ́bà ṣe?"

Azeezat rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Káàdì yìí ló ń darí dísìkì, sà. Linux gbọ́dọ̀ ní ètò kékeré kan tó gbọ́ èdè káàdì náà. Òun là ń pè ní dẹ́rẹ́bà. Káàdì yín ti dàgbà, wọ́n sì ti yọ dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kúrò nínú Linux tuntun, torí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́."

Ojú Bàbá rọ̀. "Wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, bíi tèmi."

Azeezat béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kẹta, tíṣà kan ní Pọbẹ̀, lódì kejì ẹnubodè, fèsì, Faransé díẹ̀, Yorùbá díẹ̀: irú káàdì bẹ́ẹ̀ wà nílé òun, kó lọ wá Linux ogún ọdún sẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà ṣì wà nínú ìyẹn. Azeezat wá a rí, ó kọ ọ́ sórí síídì, ó sì ránṣẹ́ pe Bàbá.

Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ dísìkì náà yọ lójú ẹ̀rọ.

"Ó rí i!" Bàbá fò dìde.

Azeezat ṣí àwòrán náà, ó mú un tóbi. Bàbá wọ jígí rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ọgbà obì. Ìka rẹ̀ dúró. Ẹ̀yìn ọgbà ni ọ̀nà gbà.

"Azeezat, ṣé kì í ṣe Linux ló yí i padà?"

"Linux kì í la ọ̀nà, sà. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ níbí pé ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n."

"Pa á."

Azeezat nawọ́ sí bọ́tìnnì.

"Dúró ná." Bàbá jókòó, ó tún ka orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ àwòrán náà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọ̀jẹ̀túndé, ẹ̀yìn ọgbà ni. Ìwọ lo jàre."



"Bámgbóṣé," Ọ̀jẹ̀túndé wí, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá, "kí la ó wá máa sọ báyìí?"

Bàbá ronú. "Odò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ńkọ́? Ibo lo rò pé ó ti yà?"

"Òkè afárá ni."

"Irọ́ ńlá! Ìsàlẹ̀ afárá ni!"

Azeezat rọra yí ojú ẹ̀rọ náà kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, kó má bàa rí odò náà nínú àwòrán.