Ẹ̀rọ Ìyá Félicité

“Ta ló tú ẹ̀rọ mi?”

Pélagie kò tíì sọ ẹ̀gẹ́ tó rù kalẹ̀ tó fi béèrè. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣe gàárì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gẹ́ bíbó wà lórí tiwọn náà. Àpótí tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dá wà lábẹ́ ọ̀dán, ẹ̀rọ tí ń yí i ti lọ. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Rogatien ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà.

Rogatien ti sọ tábìlì ayùn rẹ̀ tó máa ń fẹsẹ̀ yí di ọ̀tun. Ó fi irin tẹ́ ojú rẹ̀, ó fi ayùn ńlá tó rà ní Àjàṣẹ́ sí i, ó sì de ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Awọ gbọọrọ kan ló so ẹ̀rọ mọ́ ayùn. Fákẹ́yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kan sáárá sí i. Rogatien tí gbogbo Adja-Ouèrè mọ̀ pé kì í wọlé aládùúgbò láìkágò, ilé ara rẹ̀ ló ti wá di olè.

“Bàbá Félicité, ta lẹ bi?” Pélagie ti já sí ẹ̀yìnkùlé.

“Òyìnbó Kómándà fẹ́ tábìlì ìrókò kí ọdún àwọn Faransé tó dé. Ẹsẹ̀ mi ò ká ìrókò mọ́. Ní sùúrù kí n parí rẹ̀.”

“Èmi lè ní sùúrù. Ẹ̀gẹ́ tá a ti bó ò ní. Tó bá fi di ọ̀la, ó ti bàjẹ́.”

“Ẹ lọ wú òmíràn.”

“Owó epo tí mo rù dé Pobè ni mo fi ra ẹ̀rọ yẹn. Ṣé mo ti mú ayùn yín la igi ìdáná rí?”

Rogatien rẹ́rìn-ín sí Fákẹ́yẹ. “Ẹni tó ni ìyàwó ló ni ẹ̀rọ.”

Inú bí Pélagie. Ẹrù ọkọ lọ́tọ̀, ẹrù aya lọ́tọ̀. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Pélagie sún mọ́ tábìlì ayùn náà. Ó pa ẹ̀rọ, ó dúró kí ayùn sinmi, ó fa awọ náà yọ, ó sì fi í gbàjá lórí ìró rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà lọ wá páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́. Kò pẹ́ tí ìka Pélagie fi bó.

Rogatien tọ̀ wọ́n wá. “Ìyá Félicité, ayùn ò lè yí láìsí awọ yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Jọ̀ọ́, mú un wá.”

“Tí ẹ̀gẹ́ wa bá tán, ẹ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bóyá n ó yá yín.” Ó ti páànù kan sí i lẹ́sẹ̀.

Rogatien bojú wẹ̀yìn. Fákẹ́yẹ ti rántí oko rẹ̀ ní Tatonnonkon, ó ti lọ. Rogatien ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó jókòó láàrin àwọn obìnrin náà, ó sì mú ẹ̀gẹ́ kan.