Inú Òkùnkùn Ilé Bodè

Ilé bodè ìlú wọn ní ẹnu ọ̀nà méjì tí kò kọjú síra wọn. Láti ìgbà tí Lérè ti dé fún ìsinmi láti Yunifásítì Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí èèyàn bá gba ìhà ìlú Erinje wọlé, ògiri amọ̀ pupa ló máa kọ́kọ́ pàdé; á yà sọ́tùn-ún, á gba inú òkùnkùn tútù, níbi tí pèpéle àwọn oníbodè àtijọ́ wà, kó tó bọ́ sínú ìlú. Kí ni ẹni tó kọ́ ọ ń wá?

Ìpàdé ìlú di ọ̀la, lórí ọ̀nà tuntun tí katapílà máa là. Bí wọn ò bá wó ilé bodè, àfi kí ọ̀nà gba àárín oko ọ̀pẹ Ambrose, bàbá Lérè. Síbẹ̀, Lérè ti pinnu láti dìde ní kí wọ́n dá ilé náà sí.

"O ò kúkú fẹ́ ògiri yẹn sílé," ni Dora, àbúrò rẹ̀, wí.

"Ṣé o máa gbà á níyàwó?" ni Lérè bi í.

"Ìyàwó tí kì í pọnmi? Mú un jìnnà sí mi."

Nígbà tí òjò ọ̀sán dá, Lérè lọ jókòó sórí pèpéle náà. Ooru ilẹ̀ ń rú wọlé bí èéfín. Ariwo ìlú ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí èèyàn wà lábẹ́ omi, títí kò fi mọ ẹnu ọ̀nà tí òun gbà wọlé mọ́.

Ẹnì kan ti oko dé. Láti ayébáyé, wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú ilé bodè. Èèyàn á sọ ẹrù kalẹ̀, á sinmi, á kọjá. Ẹni náà sọ garawa epo kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bọ́ sójú rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n oòrùn ìta kò jẹ́ kó rí ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Àdììtú náà tú lọ́kàn Lérè lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n kọ́lé yìí kí oníbodè lè rí ojú àlejò kí àlejò tó tún ojú ṣe.

Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú ọ̀hún. Bàbá rẹ̀ ni. Bàbá tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ó dijú bí ẹni tí ẹrù ti pa lára. Lérè kò rí ojú yìí rí.

Ó dìde, ó gbé garawa náà rù. Bàbá ta gìrì, lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rín dé ojú rẹ̀. Wọ́n jáde láìsọ̀rọ̀.

"Oníbodè," ni Bàbá wí níta, "Dora ní o máa sọ̀rọ̀ lọ́la."

Ìwúwo epo ti wọ Lérè lọ́rùn. Lẹ́yìn wọn, ilé bodè dúró nínú ìkùukùu bí ohun tó fẹ́ léfòó lọ.

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gba ilé bodè yẹn kọjá, Bàbá. Mo ti rí ohun tí mò ń wá."

Bàbá na ọwọ́ sí garawa náà. "Rọra," ló wí, "epo ń kán sí ẹ léjìká."