Bẹ́líìtì Máfọhùn

Ẹ̀yìn Ẹlẹ́fẹ̀ ni bẹ́líìtì náà kọ́kọ́ bà, ó yí gba èjìká, ó sì fi ṣóńṣó ẹnu bu ẹran nínú etí rẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ni, àlòkù tí wọ́n tú lára ayùn ńlá, ó nípọn, ó sì le bí awọ tó ti gbẹ lóòrùn. Máfọhùn, máníjà ilé ìlagi, ló gé e ní ìwọ̀n apá ara rẹ̀, tó fi wáyà di ìdí rẹ̀ kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Máfọhùn, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀?

"Tún un sọ," ni ó wí. "Ohun tó o sọ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, tún un sọ kí èmi náà rẹ́rìn-ín."

Ẹlẹ́fẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹ̀rún pákó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa dúró lẹ́yìn ayùn, kó máa fa pákó tí ayùn bá là jáde. Ṣùgbọ́n àwàdà ni Ọlọ́run fi ṣe iyọ̀ sí i lẹ́nu, ìyà kò sì rí i yọ.

"Ọ̀gá," ó ní, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ di etí, "mo kàn ní bí bẹ́líìtì yìí bá mọ iṣẹ́ tó báyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a padà sára ẹ̀rọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Máfọhùn tún gbé e sókè, ó nà án títí apá fi ń ro òun fúnra rẹ̀. Àpáta, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń ti gẹdú sẹ́nu ayùn, gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bàbá Apọ́nyùn, arúgbó tó ń fi fáìlì pọ́n eyín ayùn, fà á láṣọ padà.

Ìyá Pákó rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì. Òun ló ni ilé ìlagi. Ó fa aṣọ fèrèsé bo ojú gíláàsì, ó sì jókòó.

Ọkọ rẹ̀ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ẹ̀rù ba ìyàwó. Ó rò ó pé àwọn ọkùnrin tó ń bá ayùn gbé, tí wọ́n ń fi èjìká ru igi, wọn kò ní gbọ́ ohùn obìnrin. Ló bá ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀, Máfọhùn yìí. Kí wọ́n tó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ni Ìyá Pákó ti wọ ilé yẹn, òun ló máa ń nu ikun imú rẹ̀. Síbẹ̀, ìyàwó ni ìyàwó ń jẹ́. "Bàbá Kékeré" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń bá a sọ, òun tó ń sanwó oṣù fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó dùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀. Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ tán. Pákó ga nínú ọgbà ju orí géètì lọ. Oníbàárà tó bá wọlé á ní, "Ìyá, ẹ mà rí máníjà o," òun náà á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n na Ẹlẹ́fẹ̀ yìí, ó gbìyànjú, ó lọ bá a nídìí omi tó ti ń fọ ọwọ́.

"Bàbá Kékeré, ẹ dákun, ẹ rọra. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n."

"Ìyàwó wa, ṣé pákó ń jáde àbí kò jáde?"

"Ó ń jáde."

"Ta ló ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́?"

"Kò sí."

"Kí ló wá dé? Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn ṣeré títí, wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ dà bí ìṣó, bí wọn ò bá gbá a lórí, kò ní wọlé."

Èsì wà lẹ́nu obìnrin náà. Gbogbo ayé ilé ìlagi ló mọ̀ pé ìṣó tí a bá gbá lágbájù, pákó ló ń là. Ṣùgbọ́n ó gbé èsì náà mì, ó ní kó kú iṣẹ́.

Ohun kan wà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tiẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tan ayùn á kọ́kọ́ ké pé, "Ta ló kù?" Gbogbo wọn á máa dáhùn níkọ̀ọ̀kan láti ibi tí kálukú dúró sí, "Mo ti kúrò!" Ẹni tó wà lẹ́yìn ayùn ló ń dáhùn kẹ́yìn, nítorí ibi tó wà, ẹni tó wà nídìí súìsì kò lè rí i. Bí ohùn ẹ̀yìn yẹn kò bá tíì dún, ọba ìbáà wà níbẹ̀, wọn kò ní tan ẹ̀rọ. Aráàdúgbò ti mọ igbe náà bí wọ́n ṣe mọ ohùn àkùkọ.

Máfọhùn ló fòpin sí i. "Ariwo kí lẹ ń pa bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé á mọ ìgbà tó yẹ kó yọwọ́." Láti ìgbà náà, ẹni tó bá lanu láìjẹ́ pé máníjà bi í ní nǹkan, bẹ́líìtì ló ń dá a lóhùn. Eyín iwájú Bàbá Apọ́nyùn bọ́ sínú ẹ̀rún pákó nítorí pé ó ní ayùn ti kú, kò mú mọ́. Wọ́n wá kọ́ ìdákẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé bí igi bá fẹ́ wó lu ẹnìkan nínú wọn, wọ́n á fi ojú pè é.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gẹdú kan tó ní kókó há. Ayùn ń pòyì lójú kan náà, Àpáta sì pa á. Ẹlẹ́fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, ó ti apá bọ abẹ́ tábìlì títí dé ìgúnpá, ó ń fa èérún igi tó dí ẹ̀rọ lẹ́nu.

Máfọhùn gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ láti òkèèrè. Ó jáde tìbínú-tìbínú. "Ta ló ní kẹ́ ẹ sinmi?" Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí súìsì.

Bàbá Apọ́nyùn jókòó síbi tó ti rí ìgúnpá Ẹlẹ́fẹ̀ kedere. Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ kan ihò tí eyín ti bọ́, ó sì pa ẹnu dé. Àpáta náà rí i, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n fìrì-fìrì sẹ́yìn ọkùnrin tí kò ní ojú ní ìpàkọ́. Alárù pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà na ìka. Ọkùnrin méjì ń fi ọwọ́ pariwo. Kò sí ohùn.

Máfọhùn tẹ súìsì.

Ayùn kò dá igi mọ̀ yàtọ̀ sí egungun. Ó hó lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ̀rún pákó tó ń fọ́n jáde sì di pupa. Ìgbà náà ni igbe wá dé, igbe Ẹlẹ́fẹ̀, tí ìwúlò igbe ti kọjá.

Ìyá Pákó sáré jáde láìwọ bàtà. Ẹlẹ́fẹ̀ ti ṣubú sẹ́yìn, ó ń wo apá rẹ̀ tó parí sí ìgúnpá bí ẹni tó ń wá ohun tó sọ nù. Obìnrin náà já ìborùn rẹ̀, ó fi so apá náà lókè, ó fi eyín fà á le.

"Ta ló ní kó kọwọ́ síbẹ̀?" ni Máfọhùn ń wí. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ẹ wọ́ ọ kúrò! Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́!" Bàbá Apọ́nyùn ń sunkún, ló bá gbé bẹ́líìtì sí i.

"Bàbá Kékeré, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀."

"Ìyàwó, padà sí ọ́fíìsì."

"Mo ní sọ ọ́ sílẹ̀!"

Bẹ́líìtì náà yí wá bá a lójú. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó mọ ìrora, ó sì rí ara rẹ̀ nílẹ̀, ojú òsì ti dì, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu.

Nígbà náà ni ilé ìlagi dìde. Àpáta fi pákó gbá Máfọhùn lẹ́yìn orúnkún, ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀. Alárù fò lé e láyà. Ẹni tó ní òòlù lo òòlù, ẹni tí kò ní nǹkan kan lo gìgísẹ̀. Wọ́n tẹ egungun ìhà rẹ̀ títí ó fi ró. Ẹnìkan fi ọ̀pá irin là á lẹ́nu, ó ní, "Fọhùn! Fọhùn báyìí ká gbọ́!" Àpáta sì gbé e sókè bí àpò símẹ́ńtì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ayùn. Ayùn náà ṣì ń sáré.

"Jẹ́ kó jẹ tirẹ̀ náà!" ni wọ́n ń ké.

Ìyá Pákó fi àyà fà. Ó dé ìdí súìsì, ó pa á, ó sì dìde dúró, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ara rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ojú tó kù fún un ń wo ọrùn Máfọhùn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa bi òun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á síbẹ̀, gbogbo wọn á di apànìyàn, ilé ìlagi á sì bá wọn lọ.

Kò bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ ló pín.

"Bàbá Apọ́nyùn, ẹ lọ ṣí géètì. Alárù, wá igi pẹlẹbẹ tí a ó tẹ́ Ẹlẹ́fẹ̀ sí. Ìwọ olóòlù, di apá rẹ̀ mú sókè, má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ pákó. Ó yá!"

Ó yà á lẹ́nu fúnra rẹ̀: wọ́n gbọ́. Bí kálukú ti ń gbọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń yọ kúrò nínú agbo, títí agbo fi ku Àpáta nìkan àti ẹni tó tẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Màámi, ó nà yín lójú!"

"Ojú mi ni. Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n pa á."

"Kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà níbí àfi ìwọ. Ẹlẹ́fẹ̀ ń kú lọ. Èwo lo fẹ́ fi ọwọ́ rẹ ṣe?"

Àpáta mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀. Ó tú u sílẹ̀, Máfọhùn sì ṣubú sílẹ̀ gbì, kò lè gbápá, kò lè gbẹ́sẹ̀. Àpáta yí padà bí ẹni tó ń lọ. Lójijì ó gbé pákó, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún tó máa ń di bẹ́líìtì mú. Àwọn ìka fọ́ bí ẹ̀pà. Ó tún ṣe é. Ìgbà yẹn ló sáré lọ wa ọkọ̀.

Wọ́n gba Ẹlẹ́fẹ̀ là lọ́sibítù. Ẹ̀fẹ̀ ni wọn ò rí gbà là. Ó pẹ́ kó tó tún dẹ́rìn-ín pa ẹnikẹ́ni. Máfọhùn padà sílé bàbá wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì nà mọ́. Àwọn ẹbí ní ìyàwó ló ba ilé jẹ́.

Nígbà tí Ìyá Pákó tún ṣí géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ pé sínú ọgbà. Wọ́n ti ń pe Àpáta ní máníjà láàárín ara wọn. Ojú obìnrin náà ṣì wú bí iṣu.

"Àpáta," ó ní, "owó rẹ rèé, títí dé ti oṣù tó ń bọ̀. Máa lọ."

Àwọn èèyàn hó yèè.

"Èmi? Èmi tí mo gbà yín?"

"Ìwọ lo gbà mí, mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílẹ̀, mo ti pa ayùn, mo sì ti rán ẹ níṣẹ́, lo bá fi igi fọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹni tápá rẹ̀ le jù ni ọ̀gá níbí. Ohun tí onítọ̀hún tó ń nà yín náà wí nìyẹn."

Àpáta tutọ́ sílẹ̀. "Ta ló gbé bẹ́líìtì lé e lọ́wọ́? Ta ni yóò lé ẹ̀yin náà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bẹ́líìtì lọ. "Kò sẹ́ni tó lè lé mi," ó ní jẹ́jẹ́. "Dandan ni kí n dúró."

Àpáta lọ. Àwọn méjì tí wọ́n dára jùlọ tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù dúró, ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú rẹ̀.

Kò sí afapákó mọ́. Ìyá Pákó wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ dúró lẹ́yìn ayùn fúnra rẹ̀. Gẹdú àkọ́kọ́ wọlé, pákó jáde, ó fà á, pákó náà wọ́, ó sì ya. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ya. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta há. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Alárù ló kọ́kọ́ gbé orí sókè.

"Màámi, ẹ má bínú o. Ẹ ò mọ̀ ọ́n fà. Ẹ̀ ń ba igi jẹ́."

Ara gbogbo wọn le gan. Bàbá Apọ́nyùn tiẹ̀ ti gbé apá bo ojú.

Ìyá Pákó bọ́ ìbọ̀wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Wá fi hàn mí," ó ní.

Ọkùnrin náà wọ́ ẹsẹ̀ wá síbẹ̀, ó di pákó mú. "Ẹ má dojú kọ ọ́, ẹ fi ìdí tì í. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, Màámi! Ẹ gbọ́ mi ná."