Ìṣákọ́lẹ̀ ní Ilé Ìpàdé Òkè Ọ̀pọ̀tọ́

Àwọn ìjókòó ti ń jà nínú Ilé Ìpàdé kí n tó wọlé. Òyìnbó ló kọ́ ilé náà kí àwọn baálẹ̀ lè máa wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àga tìmùtìmù ní òun ò lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo ní kí wọ́n panu mọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́ ló gbé mi wá. Baálẹ̀ Ọ̀jẹ́labí, bàbá tó bí bàbá mi, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, jókòó lórí àpótí, ó ń jẹ obì. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Àwẹ̀ró, o mà pẹ́ o."

Inú mi dùn, àyà mi sì já, torí mo mọ ọjọ́ tí a wà. Ọjọ́ tí ilẹ̀ wa lọ ni.

Òyìnbó mẹ́ta gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n gbé igò ọtí méjìlá àti aṣọ àrán kalẹ̀. Ìwé kan fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn, ó gun orí tábìlì, ó nà gbọọrọ. Bàbá wo ọtí náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìṣákọ́lẹ̀ rèé. Àlejò tó bá mọ̀ pé a yá òun nílẹ̀ ni í mú un wá lọ́dọọdún. Wọ́n níwà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣákọ́lẹ̀ kọ́. Lójú tiwọn, wọ́n ti rà á nìyẹn. Wọn ò ní padà wá."

"Ta ló ń ta ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí? Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ògiri pàápàá bá a rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo fẹ́ fa ìwé náà ya, àmọ́ ṣe ló ń gùn sí i. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó bo oko wa, ó bo àwọn sàréè. Mo rí ìyá mi lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́.

Ògbufọ̀ wọn, ọmọ ìlú wa tí kò ní ojú lórí rárá, ní kí Bàbá ṣáà fọwọ́ kan kálàmù, pé ìyẹn náà ti tó ìbuwọ́lùwé. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, ogbó ti dé. Ó nà án sí mi.

"Bá mi dì í mú."

Ẹ gbà mí, ta ni í kọ̀ fún àgbà? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo ń sunkún, síbẹ̀ mo dì í mú. Ó tutù bí omi àmù. Ọwọ́ àwa méjèèjì ló kan kálàmù náà.

Àwọn òyìnbó ká ìwé wọn, wọ́n lọ. Bàbá ṣí igò kan, ó ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba rẹ̀. Ilẹ̀ ò fà á mu. Bàbá ò tilẹ̀ kíyè sí i. Ó to igò yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí n gbá ibẹ̀ mọ́, kí àyè lè wà fún tọdún tó ń bọ̀.

Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá a.