Àkèré Abẹ́ Fèrèsé

Ọ̀bẹ wà lẹ́nu Delfina, ó fi apá méjèèjì gbá igi mọ́ra, ó ń gùn ún lọ. Kó tó gùn ún ló ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ẹni àìrí tó ni igbó, ó ní "Tabi," ìyẹn "Ẹ jẹ́ n kọjá," bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe ní erékùṣù Negros, ní Philippines. Àfòmọ́ ńlá tó wà lókè yẹn ló ń wá. Inú irú rẹ̀ ni àkèré kékeré wa ń gbé, èyí tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní erékùṣù bíi mélòó kan.

Nítorí bàbá rẹ̀, Tatay Krispulo, ló ṣe ń gun igi náà. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó ní oúnjẹ kankan ò wu òun mọ́, àfi kóun gbọ́ ohùn àkèré yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun tóun ti ń pariwo nínú ilé látọjọ́ yìí ńkọ́? Ṣùgbọ́n ìrèké ti gba gbogbo igbó tó yí wọn ká. Kí ni àkèré fẹ́ wá ṣe nínú ìrèké?

Delfina gé àfòmọ́ náà, ó rù ú sọ̀ kalẹ̀ láti igbó orí òkè nínú oòrùn. Ìgbà tó ń so ó mọ́ fèrèsé bàbá rẹ̀ ló tó rí ẹyin láàárín ewé. Àkèré tiwa kì í yé sómi. Inú ẹyin lọmọ ti ń di àkèré. Wọ́n ti gbẹ. Ọ̀kan ti yọ ẹsẹ̀ tán nínú ẹyin, kò mira. Àgbà tó jókòó tì wọ́n náà ti kú. Ó dun Delfina wọra. Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àfi àwọn tó ni ilé.

Nírọ̀lẹ́, òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń bèèrè pé ṣé kò tíì ké ni. Delfina bọ́ síta, ó lóṣòó sábẹ́ fèrèsé, ó sì fi ahọ́n ké bí bàbá fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní kékeré: tín, tín, tín.

Ó gbọ́ tí bàbá mí kanlẹ̀. Ó tún ké. Òjò ti rin ín gbingbin.

"Ìyá Delfina," bàbá rọra pe ìyàwó rẹ̀, "ó ti tó. Sọ fún àkèré yẹn kó wọlé, òtútù ń mú un."

Delfina ò lè dìde. Ó tún ké, kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú ilé.