Kì Í Ṣe Pé Mo Ń Kí Yín

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni Sèlíátù kò ti rí ìdí jókòó. Bó bá gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Bó bá di ẹrù tán, á tún tú u, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sínú rẹ̀. Ọjọ́ Àlàrùba ni ọkọ̀ ojú omi wọn máa ṣí kúrò ní Ẹ̀pẹ́, wọn á sùn ní Ìkòròdú, wọn á sì gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́jọ́ kejì. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ogun ti lé àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kúrò ní Èkó. Ní báyìí tí ọ̀nà ti là, gbogbo agbo ilé ń yọ̀, àfi òun. Ó dá a lójú pé Rọ̀kíbátù, ìyá ọkọ òun, kò lè jókòó sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, kó sì dé Èkó láàyè.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá náà kò jẹ́wọ́. Láràárọ̀ ni Tìrìmísíyù, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọkọ Sèlíátù, máa ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ara le?"

"Ara le, ọmọ mi. Alihamudulilahi."

Ó parí. Ọkùnrin á gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, á gba etí omi lọ wo ọkọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin: ó kí ìyá rẹ̀, ó rò pé òun ti wo ìyá rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sèlíátù sọ fún un. Ó ní ọwọ́ ni ìyá fi ń gbé ẹsẹ̀ òsì bó bá fẹ́ yí padà lórí ẹní. Ó ní ìyá ti gbé awọ tó fi ń kírun kúrò láàárín yàrá lọ sẹ́bàá òpó, pé òpó ló ń dì mú kó tó lè dìde, débi pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń bà ti ń dán bí ọmọ odó.

"Ẹni tó ni ẹsẹ̀ sọ pé ara òun le," ni Tìrìmísíyù dáhùn. "Ìwọ tí ẹsẹ̀ kì í ṣe tìrẹ lo sọ pé kò le. Sèlíátù, tó bá jẹ́ pé Èkó ni o kò fẹ́ lọ, sọ ọ́ jáde."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ ni lóòótọ́, Èkó sì ń bà á lẹ́rù. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, bóyá irọ́ ni òun ń pa fún ara òun. Ó lọ fọwọ́ kan òpó náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ Àtìní, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ránṣẹ́ sí Mùlíkátù, obìnrin Agbówà tó ń wo làkúrègbé.

Ọ̀sán Àtàláátà ni obìnrin náà dé, ọ̀la ni ọkọ̀ máa ṣí. Arábìnrin sísanra kan ni, tí kì í kánjú, Sèlíátù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sáré wọlé. Tìrìmísíyù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.

"Ìyá, ara ńkọ́?" ni Mùlíkátù béèrè.

"Ara le."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wà."

"Oorun ńkọ́?"

"À ń sùn dáadáa, a dúpẹ́."

Tìrìmísíyù wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Mùlíkátù kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo òpó, ó fi àtàǹpàkò pa ibi tó ń dán. Lẹ́yìn náà ó fa awọ ìkírun náà sáàárín yàrá, ó sì rọra mú ìyá jókòó lé e.

"Ó yá, Ìyá, ẹ dìde ká jọ jáde síta."

Ìyá wo òpó. Òpó jìnnà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ilé wọn ní Èkó, igi àgbọn tó wà lẹ́yìnkùlé, kànga tí omi rẹ̀ níyọ̀. Ìtàn náà gùn, kò sì dìde. Ẹ̀rín ojú Tìrìmísíyù wá ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Mùlíkátù kúnlẹ̀ níwájú ìyá. "Ìyá, kì í ṣe pé mo ń kí yín o. Mo ń bi yín ni. Ṣé ó ń ro yín, àbí ó ń gún yín, àbí ó ń ta yín?"

Ìyá dákẹ́.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹni tó sọ̀rọ̀ ńkọ́?" ni ìyá bi í. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tìrìmísíyù, ọjọ́ tí à ń sá kúrò ní Èkó, ta ló sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun?"

Tìrìmísíyù wolẹ̀. Nínú àwọn ará ilé, Sèlíátù nìkan ni kò mọ̀, òun ni ìyá sì sọ ọ́ fún.

"Ìyá mi ni. Wọ́n bi í pé ṣé ó lè rìn, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n ní kó jókòó sétí omi, pé àwọn ń padà bọ̀ wá gbé e. Ibẹ̀ la fi í sí. Mi ò gbọ́ ikú rẹ̀, mi ò gbọ́ ìyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti le."

Sèlíátù sunkún, kò fi pa mọ́. Inú sì tún bí i, sí ọkọ rẹ̀, sí ogun, àti sí ẹnu ara rẹ̀ tó ti ń béèrè "ṣé ara le" láràárọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Bí mo bá jókòó, ó ń ro mí," ni ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti ń yára, bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. "Bí mo bá fẹ́ dìde, á gún mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á máa ta mí láti ìbàdí dé orúnkún. Ọdún kẹrin rèé."

"Ṣé ẹ lè jókòó nínú ọkọ̀?" ni Tìrìmísíyù béèrè.

"Mi ò lè jókòó. Tí àyè bá wà, mo lè dùbúlẹ̀."

Tìrìmísíyù jáde. Nígbà tí Sèlíátù máa tẹ̀ lé e dé etí omi, ó ti ń já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀: àpótí méjì, agbọ̀n ẹja gbígbẹ, àti ilẹ̀kùn tó fi gbogbo ọyẹ́ gbẹ́ fún ilé Èkó. Ó fi ilẹ̀kùn náà ti ara igi. Ó ní ilẹ̀kùn lè dúró dìgbà mìíràn. Àwọn méjèèjì jọ tẹ́ ẹní sínú ọkọ̀, ìpele mẹ́ta. Mùlíkátù ní òun kò lè ṣèlérí pé làkúrègbé náà máa lọ, ṣùgbọ́n ó kọ́ Sèlíátù bí wọ́n ṣe ń fi àdí gbígbóná wọ́ ìbàdí, àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Láàárọ̀ Àlàrùba, Tìrìmísíyù dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ara le?"

Ìyá la ẹnu. Sèlíátù dáwọ́ ẹrù dídì dúró.

"Ara ò le," ni ìyá wí. "Èjìká ọ̀tún ló tún ń ro mí láàárọ̀ yìí."

Òpó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀ pé kó fa òun dìde.