Èkúté Mẹ́ta Kọ Agbo Ìtọ̀ Ṣúgà Mi

Adéyíọlá, má tíì gún mi níka. Gbé ẹ̀rọ tí o fi ń wo ṣúgà mi sílẹ̀ ná, kí ìyá rẹ náà jókòó. Mo lá àlá kan lóru mọ́jú òní, kò sì ṣeé fi sínú jẹ mọ́ínmọ́ín.

Igò kan ló jí mi. Igò agbo ìtọ̀ ṣúgà ni, èyí tí mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ẹ má baà rí i. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, n kò sì fẹ́ àròyé. Igò ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà, wọ́n ń pè wá ní ọ́fíìsì àyẹ̀wò." Mo wọ bàtà. Ṣé kí n máa bá igò jiyàn ni?

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè igi kajú ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ìlọrin. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù, tó so táì mọ́rùn, jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ lọ́wọ́. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fi se agbo náà. Mo ní n kò mọ̀. Igò gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Ewúro, ejìnrìn, egbò igi, àti ohun mìíràn tí ẹni tó sè mí kò sọ fún mi."

Bí ọ̀gá ti gbọ́ ewúro, irùngbọ̀n hù ú, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì mi, orúkọ mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bá mi re, Bàbá."

Mo ní kó gba ibi ire. Èèyàn kò lè torí ìwo kó má kí ọ̀gá.

Ó fi ìwo júwe yàrá kejì. Èkúté funfun mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n fi ń dán oògùn wò kí èèyàn tó mu ún, wà níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ dókítà. Mo gbé igò síwájú wọn pé kí wọ́n bá mi tọ́ ọ wò. Àgbà inú wọn yọ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ bá gbé ẹmu fún àlejò, ta ló ń kọ́kọ́ mu ún?"

"Ẹni tó gbé e wá ni."

"Ẹni tó ta agbo yìí fún yín ńkọ́? Ṣé ó mu ún lójú yín?"

"Rárá o. Ó ní àìsàn náà kò sí lára òun."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí, láàárọ̀, lálẹ́, lé oògùn ọsibítù lórí."

"Kí lẹ wá rí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: òòyì, òógùn tútù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n lọ́sàn-án, ọjọ́ tí mo jókòó lójijì lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ní oòrùn ni. Ẹ̀rù ti ń bà mí, n kò kàn sọ ni. Ohun tí n kò lè sọ fún ọmọ tí mo bí, èkúté ni mo sọ ọ́ fún, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó tú ìrù rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Bàbá. Àwa ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ni èkúté tó kù."

Mo dúpẹ́. Mo tilẹ̀ so ó mọ́ ṣòkòtò láti wò ó bóyá ó bá mi mu. Ó gùn díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ta jí. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ wo ìdí mi. Kò sí ìrù. Mo wá nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti mu ti àárọ̀, torí alágídí ni mí. Èkúté ilé ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó ti jẹ ìdérí igò náà wómúwómú, ó jẹ ọṣẹ mọ́ ọn, ó jẹ etí bàtà mi. Ṣùgbọ́n agbo náà pé síbẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Igò náà nìyí, Adéyíọlá. Gbé e lọ bá dókítà yín, kí o sọ fún un pé èkúté ilé wa ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka mi náà rèé, gún un.